Ìyẹ̀fun Kì Í Padà Sẹ́yìn

Iṣẹ́ tí mo fi ń jẹun báyìí ni kí n máa bá àwọn tó ń yan kéèkì àti búrẹ́dì tà nínú ilé wọn to ilé ìdáná wọn. Iṣẹ́ káfíńtà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kà á sí. Káfíńtà ní ipa tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó mú ayùn, ó yẹ kí ẹnì kan ti mọ ibi tí ìyẹ̀fun yóò gbà wọlé àti ibi tí kéèkì yóò gbà jáde. Obìnrin kan ní Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ló kọ́ mi. Ọ̀gá là ń pè wọ́n, Ọ̀gá náà ni mo ṣì ń pè wọ́n títí dòní.

Kéèkì ni mo torí ẹ̀ lọ síbẹ̀. Ìyá mi mú mi lọ, a kúnlẹ̀ kí wọn, a fọwọ́ sí ìwé, mo sì rò pé ó ti di kí n máa po bọ́tà mọ́ ṣúgà nìyẹn. Ó pẹ́ gan-an kí Ọ̀gá tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan míkísà. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọ pánù, tí mo bá sì ṣe tán, wọn a ní kí n jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí n máa wo àwọn ọmọ iṣẹ́ àgbà. "Má wo ọwọ́ wọn o. Ẹsẹ̀ wọn ni kí o wò." Ó sú mi, nítorí mi ò mọ ohun tí mò ń wá lẹ́sẹ̀ ẹlẹ́sẹ̀. Tó bá dalẹ́, ìbéèrè á bẹ̀rẹ̀. Ta ló gba iwájú óófùn kọjá nígbà tí pánù gbígbóná ń jáde? Ẹni tó ń fọ́ ẹyin, ẹ̀ẹ̀melòó ló rìn dé ìdí omi? Tí mi ò bá rí i sọ, àpótí yẹn náà ni lọ́jọ́ kejì.

Ọ̀gá kò dédé mọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí. Ilé búrẹ́dì ńlá kan l'Ékòó ni ọ̀gá tiwọn ti kọ́ṣẹ́, láyé ìgbà tí orúkọ Amos Shackleford ṣì wà lẹ́nu gbogbo oníbúrẹ́dì: ará Jàmàíkà tó wá ṣiṣẹ́ rélùwéè ní Nàìjíríà ní 1913, tó sì bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì ní Èbúté-Mẹ́tà ní 1921. Nílé búrẹ́dì bẹ́ẹ̀, àpò ìyẹ̀fun á gba ẹ̀yìn wọlé, á dé ibi ìpò, á dé ìdí ẹ̀rọ tó ń tẹ̀ ẹ́, á bọ́ sínú pánù, á wọ ààrò, á tutù lórí pẹpẹ, á sì gba iwájú jáde sọ́wọ́ àwọn tó ń kiri. Ẹni tó ru ìyẹ̀fun kò ní pàdé ẹni tó gbé búrẹ́dì. Òfin yìí ni Ọ̀gá gbé wá sínú ilé ìdáná kékeré: ìyẹ̀fun kì í padà sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ kó téèpù àti ṣọ́ọ̀kì fún mi, ilé oníbàárà kan ní Mọ́kọ́lá la wà. A kó gbogbo ẹrù síta. Ọ̀gá ní kí n ya óófùn sórí ilẹ̀. Mo ya igun mẹ́rin, 60 sẹ̀ǹtímítà lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ní, "Ó dáa. Ṣí i." Mo ń wò wọ́n. Wọ́n gba ṣọ́ọ̀kì, wọ́n ya ilẹ̀kùn óófùn bó ṣe máa rí tó bá là sílẹ̀, wọ́n gbé pánù òfìfo lé mi lọ́wọ́, wọ́n ní kí n bẹ̀rẹ̀, kí n yọ ọ́, kí n yí padà. Ẹ̀yìn mi kan ògiri kí n tó nà tán. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi àyè tí kò tó mítà kan sílẹ̀ níwájú óófùn rí, mi ò sì gbé óófùn síbi tí kò sí pẹpẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí pánù gbígbóná lè bà lé láìjẹ́ pé èèyàn rìn.

Gíga tábìlì ló pẹ́ jù lọ kó tó wọ̀ mí lára. Gbogbo ara lèèyàn fi ń po ìyẹ̀fun búrẹ́dì, èjìká ló ń tì í, nítorí náà tábìlì rẹ̀ gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀: kí apá ẹni tó ń pò ó rọ̀ wálẹ̀, kí ojú tábìlì ṣe déédéé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ibi tí a ti ń fi áísìn ṣọ̀ṣọ́ sára kéèkì yàtọ̀. Iṣẹ́ ojú ni, iṣẹ́ ìka ni, ó sì ń fẹ́ kí tábìlì sún mọ́ ìgúnpá, kí ọrùn má baà tẹ̀. Oníbàárà kan wà tí ẹ̀yìn ń dùn ṣáá. Mo wọn apá rẹ̀, mo lọ sí ọjà pákó ní Bódìjà, mo ní kí káfíńtà gé ẹsẹ̀ tábìlì kan kúrú, kó sì kan pákó sábẹ́ èkejì. Nígbà tí Ọ̀gá dé, wọn ò bá mi sọ̀rọ̀. Wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n po ìyẹ̀fun lórí tábìlì kúkúrú yẹn fúnra wọn títí ó fi dán, wọ́n ṣan ọwọ́. Wọ́n ní, "Òní lo máa dá lọ wọn ti Sáńgò." Ìyìn tí mo gbà nìyẹn, ó sì tó mi í yọ̀.

Àwọn yòókù yá díẹ̀. Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, tó bá jò, ilẹ̀ ló ń kó sí. Ìta ni sílíńdà oníkílò 12.5 ń gbé, ihò afẹ́fẹ́ sì gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ ògiri. Ìfófòó ọṣẹ là ń fi wá ibi tó ń jò, ẹni kankan kò gbọdọ̀ ṣáná sí i. Àpò ìyẹ̀fun oníkílò 50 kì í fara kan ilẹ̀ tàbí ògiri. Orí pákó ló ń wà, a ó sì kọ ọjọ́ tó dé sára rẹ̀, kí ti àná má baà wà lábẹ́ di ilé kòkòrò. Ibi tí a ti ń fọ pánù jìnnà sí i. Tábìlì áísìn kì í sí níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń wọlé, nítorí bọ́tà kò ní sùúrù fún ooru Ìbàdàn.

Ilé tó le jù fún mi lẹ́yìn tí mo gba fíríìdọ́ọ̀mù ni ilé ìdáná ẹlẹ́nu ọ̀nà kan, tí kò ju ibi tí èèyàn méjì lè dúró sí lọ. Mo ya ṣọ́ọ̀kì, mo pa á rẹ́, mo tún un yà. Ibi yòówù kí n gbé e gbà, ìyẹ̀fun àti kéèkì ń pàdé lẹ́nu ọ̀nà. Mo pe Ọ̀gá lórí fóònù. Wọ́n bi mí bí àyè ṣe rí, mo sọ ọ́, wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Tí àyè ò bá tó pín, aago ni kí o pín." Bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Alẹ́ ni ìyẹ̀fun ń wọlé níbẹ̀, tí wọ́n á wọ̀n ọ́n tán sínú ike onídèérí, tí wọ́n á nu ilẹ̀. Òwúrọ̀ ni yíyan. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fọ gbogbo tábìlì ni páálí tó ń wọlé, wọ́n á di kéèkì, ọlọ́kadà á sì gbé e lọ. Obìnrin tó ni ilé ìdáná náà ti gba ọmọ iṣẹ́ méjì báyìí, ó sì ní kí n wá wọn ilé tuntun tó gbà ní Àpẹ́tẹ̀.