Ìdí Ọ̀ràn Kì í Ṣe Àre

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, nígbà tí yìnyín ti bo ọgbà Chinguacousy mọ́lẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì ń súfèé lójú fèrèsé wa ní Bramalea, ní ilẹ̀ Kánádà, ni ọmọ-ọmọ mi obìnrin tí a bí sí ìhín pa ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá, *Ẹfúnṣetán Aníwúrà*, dé, tó sì bi mí pé: “Bàbá àgbà, ṣé ìkà ni obìnrin yìí, àbí ìbànújẹ́ ló sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀?”

Ìbéèrè náà kò jẹ́ kí n sùn. Nínú eré yìí, Ẹfúnṣetán, Ìyálóde Ìbàdàn, lówó, ó lẹ́rú, ó lóko lọ súà, ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tó bí kú sórí ìkúnlẹ̀, láti ìgbà náà ló sì ti pa á láṣẹ pé ẹrúbìnrin tó bá lóyún nínú agbo ilé òun, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. Ta ni kò ní káàánú abiyamọ tí ikú já ọmọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀? Síbẹ̀, ìdí ọ̀ràn yàtọ̀ sí àre. Ẹni tó mọ ohun tó sún ènìyàn débi ìkà kò tíì wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Aristotle, amòye ará Gíríìsì àtijọ́, ya ẹni tí ìbínú gùn tó fi ṣìwà hù sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tó jókòó ro ibi, tó sì yàn án: àwọn méjèèjì ṣe àìtọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kejì ni ènìyàn búburú. Òfin ni Ẹfúnṣetán ṣe, òfin kì í sì í ti inú ìbínú ojú ẹsẹ̀ wá. A máa ń jókòó tì í, a sì máa ń jí lójoojúmọ́ láti pa á mọ́. Bí àwọn bàbá wa bá ní orí tí ó gbà lọ́dọ̀ Àjàlá tó ń mọ orí ni kò gbé ọmọ wá, n kò ní bá wọn jiyàn. Orí lè yan àìlọ́mọ fún un, ṣùgbọ́n ìwà òun fúnra rẹ̀ ló yan idà.

Ohun tó tún gún mi lọ́kàn ni pé Samuel Johnson, nínú ìtàn Yorùbá tó kọ, kò fi ìyà tí Ìyálóde fi jẹ àwọn ẹrú aboyún pa mọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn nígbà náà, rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874, ẹ̀sùn tó kà sí i lẹ́sẹ̀ ni pé kò bá òun lọ sógun, kò fi ohun ogun ránṣẹ́, kò sì jáde wá pàdé òun lẹ́yìn odi. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ àwọn tó kú. “Ẹrú kú, ìyá kò gbọ́, ọmọ kú, ariwo ta, bẹ́ẹ̀ ẹrú ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀.” Gbogbo ìlú tó lẹ́rú ló di etí sí igbe yìí; Ìṣọ̀lá ló gbé e sórí ìtàgé kí a lè gbọ́.

Ní òwúrọ̀, mo sọ ìtàn náà fún ìyá ará Jàmáíkà tí ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, ẹni tí a kó àwọn baba ńlá rẹ̀ lẹ́rú kọjá òkun. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní: “Àwọn ìyá ẹrú wọ̀nyẹn ńkọ́? Ta ló lọ ròyìn fún wọn?”

N kò rí èsì fún un. Ṣùgbọ́n mo padà wọlé, mo pe ọmọ-ọmọ mi, mo ní: “Ọmọ mi, ìbànújẹ́ ni ìdí rẹ̀. Ìkà sì ni. Ó mọ bí ikú ọmọ ti í dun ìyá, ó sì mọ̀ ọ́n tán kó tó fi ṣe ọmọ ẹlòmíràn.”