Ìwé Tí A Ká Kò Ṣeé Kà

Ọmọ kan tó ti kéú jáde lọ́dọ̀ wa, tó wà ní yunifásítì nísinsìnyí, bá wa nílé níbi tí ìyàwó wa ti ń po ìyẹ̀fun pọfupọ́fù. A ní ohun lúbúlúbú lásán ni yíìsì, bí iyọ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní: "Àáfà, ẹ má bínú, ohun ẹlẹ́mìí ni." Ó dùn wá díẹ̀, ṣùgbọ́n a tẹ́tí sí i.

Ó ní inú sẹ́ẹ̀lì yíìsì kọ̀ọ̀kan, tí ojú lásán kò lè rí, ni okùn tínínrín kan wà, DNA. Ara rẹ̀ ni a kọ iṣẹ́ sẹ́ẹ̀lì náà sí, ní abala abala tí à ń pè ní jíìnì, nǹkan bí 6,000. Okùn náà kò nà gbalaja. A wé e mọ́ àwọn kókó purotéènì, lẹ́tà bíi 147 yí kókó kọ̀ọ̀kan ká. Wíwé yìí ni kúrómátììnì. Jíìnì tó bá há sábẹ́ rẹ̀ kò ṣeé kà.

Jíìnì SUC2 ló ń jẹ́ kí yíìsì lè fọ́ ṣúgà tí à ń fi sí tíì. Bí glúkóòsì bá pọ̀, SUC2 á wà ní títì. Bí glúkóòsì bá tán, àkójọ purotéènì kan, SWI/SNF, á fi agbára sẹ́ẹ̀lì ti àwọn kókó náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀. Ní 1984, àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé yíìsì tí apá kan SWI/SNF rẹ̀ bàjẹ́: SUC2 rẹ̀ pé, síbẹ̀ kò lè lo ṣúgà náà dáadáa.

Irú àkójọ yìí wà lára ènìyàn pẹ̀lú. Nínú àrùn jẹjẹrẹ márùn-ún, ó tó ọ̀kan tí a ti ń rí i pé jíìnì rẹ̀ bàjẹ́.

Ẹnu wa wọhò. Ọmọ yìí kan náà ni a sọ fún bàbá rẹ̀ nígbà kan pé kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀, kí ó mú un lọ kọ́ṣẹ́ ọwọ́. Bàbá náà ló kọ̀. A bẹ ọmọ náà kí ó tó lọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, kí a tó sọ pé ọmọ kan kò ní, ẹ jẹ́ kí a wò ó bóyá àwa ni a kò tíì ṣí i.