Àlàfo Kì í Ṣe Àbùkù

Ọmọ àbúrò mi kan, onímọ̀ ẹ̀rọ, ló bẹ̀ mí pé kí n bá òun tú ìwé pẹlẹbẹ kan sí èdè Yorùbá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama. Ẹ̀rọ tí ń yí táyà ọkọ̀ oníná ni ìwé náà dá lé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ni yóò wọ́n mi. Òye ló wọ́n mi.

“Mọ́tò” kò wúlò, nítorí odindi ọkọ̀ ni Yorùbá ń fi pè. Mo pe ẹ̀rọ náà ní “ayítáyà”. Irú rẹ̀ tí Nikola Tesla gba ẹ̀tọ́ lé lórí ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1888 ní apá méjì. Ti òde dúró sójú kan. Bí iná bá wọ inú wáyà rẹ̀, agbára òòfà a máa sáré yí po nínú rẹ̀. Wáyà kankan kò so ti inú mọ́ ọn, síbẹ̀ iná ń ràn án. Mo pe ìyẹn ní “ìrànmọ́”.

Ti inú kì í sáré tó òòfà náà. Orúkọ tí Gẹ̀ẹ́sì fún èyí jẹ mọ́ yíyọ̀, mo sì kọ “yíyọ̀” sílẹ̀, bí ẹni pé ẹsẹ̀ ẹ̀rọ yẹ̀.

Ọmọ náà ní, “Bàbá, ẹ má bínú. Bí ti inú bá lé òòfà bá, ìrànmọ́ dópin nìyẹn, ọkọ̀ kò sì ní lágbára mọ́.”

Mo pa á rẹ́, mo kọ “àlàfo eré”.

Àmọ́ àlàfo ní owó tirẹ̀. Bí ti inú bá fi 3 nínú 100 rẹ̀yìn, 3 nínú gbogbo 100 agbára tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ yóò di ooru lásán. Ìdí nìyí tí wọ́n fi lo bàbà nínú ẹ̀rọ Model S ti ọdún 2012: iná ń gba inú bàbà kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ju inú alumíníọ́mù lọ, ooru a sì dín kù.

Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ìgboro, bí awakọ̀ bá fẹ́ dẹ eré, ọkọ̀ a mú kí òòfà rọra yí, ti inú a wá ṣíwájú rẹ̀. Àlàfo yí padà. Ẹ̀rọ tí ń jẹ iná wá ń pèsè iná fún bátìrì. Báwo ni olùkọ́ ìbá ṣe fi “yíyọ̀” ṣàlàyé ìyẹn?

Ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ kọ dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ì bá ṣi ọmọ ọlọ́mọ lọ́nà. Láti ìgbà náà, n kì í sọ nǹkan lórúkọ títí n ó fi lè ṣàlàyé bó ṣe ń ṣiṣẹ́.