Ọwọ́ Jíà Tí Kò Ní Àmì

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí etí ẹnikẹ́ni tí ó ń kọ́ni tàbí tí ó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Ṣùgbọ́n ní ìlú Kìṣí, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀ ní Òkè-Ògùn, òwe náà fi ara hàn kedere ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ kan lábẹ́ igi máńgòrò, láàárín bàbá kan tí ó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe àti akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ olùkọ́ kan tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ilé-ẹ̀kọ́ abúlé kan tí ó jìnnà tó kìlómítà 12 sí ìgboro ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti ń ṣe ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ lójoojúmọ́ ju agbára rẹ̀ lọ. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kí ó tó jáde láyé ni ó gbójú lé. Bí kẹ̀kẹ́ náà bá kọṣẹ́, kò ní lè máa dé ibi iṣẹ́ lásìkò, ẹni tí ó bá sì ń pẹ́ dé ìdánrawò mọ ohun tí ó ń dúró dè é lọ́wọ́ alábòójútó.

Kẹ̀kẹ́ náà kì í ṣe irú èyí tí ojú àwọn ará Kìṣí mọ̀ jù. Èyí tí ojú wọn mọ̀ ni kẹ̀kẹ́ dúdú gàgàrà tí àwọn àgbẹ̀ fi ń di iṣu àti ẹ̀gẹ́ wálé láti oko, tí irin gbọọrọ ń ṣiṣẹ́ wáyà fún bíréèkì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Raleigh, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tí ó gbajúmọ̀ jù fún irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí ó bá ní jíà nínú wọn, inú họ́ọ̀bù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni jíà náà máa ń fi ara pamọ́ sí. Ọdún 1902 ni Sturmey-Archer bẹ̀rẹ̀ irú jíà alámẹ́ta bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ sì ní ibi mẹ́ta tí ó ti ń dúró gírí.

Ti kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ yìí yàtọ̀. Gbangba ni jíà rẹ̀ wà. Àwo eléyín márùn-ún tí wọ́n tóbi ju ara wọn lọ ni wọ́n tò sára ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, apá irin kékeré kan tí ó ní sípíríńgì ni ó sì ń ti ṣéènì láti orí ọ̀kan bọ́ sí orí òmíràn. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan so apá irin yìí mọ́ ọwọ́ jíà tí ó wà lára irin ìsàlẹ̀ férémù. Ọwọ́ jíà náà kò ní àmì kankan, kì í sì í dún “kó” nígbà tí a bá yí i. Ibikíbi tí a bá fi sí ni ó ń dúró sí, nítorí pé àwọn wáṣà tí bóòtì kan fún mọ́ ara wọn ni ó dì í mú. Ẹni tí ó wà lórí kẹ̀kẹ́ ni yóò fi ọwọ́ àti etí wá ibi tí ó tọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn tí ń fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje ní ilẹ̀ Faransé àti Ítálì ṣe lò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1937 ni wọ́n tó gbà kí àwọn olùdíje Tour de France lo jíà tí ń ti ṣéènì kiri. Ní ọdún 1984 ni ilé-iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Jàpáànù gbé ọwọ́ jíà tí ó ń dún “kó” lórí àwo kọ̀ọ̀kan jáde fún kẹ̀kẹ́ ìsáré. Láti ìgbà náà ni ti aláìlámì ti ń dín kù lára kẹ̀kẹ́ tuntun.

“Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá,” ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí. “Bí mo bá ti ń gun òkè, tí mo sì fi agbára tẹ pẹ́dàlì, ṣéènì á dédé já bọ́ sórí àwo tí ó kéré jù. Àwọn tí ń tún ọ̀kadà ṣe ní kí n gé gbogbo jíà náà dànù.”

Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó mọ àwọn tí ń tún ọ̀kadà ṣe dáadáa. Méjì nínú wọn ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ rí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú Okada Air, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1983, ni àwọn ènìyàn fi sọ alùpùpù akérò. Nígbà tí ètò àtúntò ọrọ̀-ajé ọdún 1986 mú kí ìgbésí ayé le koko, ọ̀pọ̀ ènìyàn sọ alùpùpù gígùn di iṣẹ́ oòjọ́. Bí ọ̀kadà ṣe ń pọ̀ sí i ni àwọn ọmọ iṣẹ́ bàbá ń lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó kù lábẹ́ igi máńgòrò náà mọ́ bí kò ṣe òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí ó ń bó ẹ̀pà sínú igbá.

“Má gé e, ọmọ mi,” ni bàbá wí. “Èyí tí ó ń dún ‘kó’ yẹn, bí iye àwo ẹ̀yìn rẹ̀ bá yí padà, tàbí tí àlàfo wọn kò bá dọ́gba mọ́, kò ní bá a mu mọ́. Èyí kò bìkítà. Àwo márùn-ún ni o, mẹ́fà ni o, ìwọ ni o ó wá ibi tí ó wà.”

Ó fi okùn gbé ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ náà kọ́ ẹ̀ka igi, kí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lè máa yí láìkanlẹ̀. Ó tú bóòtì ọwọ́ jíà, ó sì ń to ohun tí ó ń tú sórí aṣọ láti òsì sí ọ̀tún, nítorí pé bí a bá ṣe tú u náà ni a gbọ́dọ̀ ṣe dá a padà. Ibẹ̀ ni àṣírí ti tú. Wáṣà kan ti fọ́, gbígbọ̀n ojú ọ̀nà sì ti tú bóòtì díẹ̀díẹ̀. Sípíríńgì ẹ̀yìn kì í yé fa wáyà. Nígbà tí ìdìmú ọwọ́ jíà dẹ̀, sípíríńgì borí, ṣéènì sì já bọ́. Bàbá gé wáṣà mìíràn láti ara awọ bàtà ògbólógbòó. Ó nu ojú àwọn wáṣà yòókù mọ́ láìfi gírísì kún wọn, nítorí pé ohun tí ó yẹ kí ó di nǹkan mú kò gbọdọ̀ máa yọ̀. Ẹsẹ̀ bóòtì nìkan ni ó fi gírísì díẹ̀ pa.

Lẹ́yìn èyí, ó fa wáyà yọ. Ìdí rẹ̀ ti ń tú bí òwú. Ó mú òmíràn jáde láti inú agolo kan, ó fi kẹrosíìnì ṣan eruku ọyẹ́ kúrò nínú ọ̀pá rọ́bà tí wáyà náà ń gbà kọjá, ó sì kán epo díẹ̀ sí i. Ó ti ọwọ́ jíà síwájú pátápátá kí ṣéènì lè wà lórí àwo tí ó kéré jù, kí ó tó fa wáyà tuntun gírí tí ó sì dè é. Ó wá kọjú sí súkúrù wẹ́wẹ́ méjì tí ó wà lára apá irin. Ọ̀kan kì í jẹ́ kí ṣéènì kó sínú sípókù. Èkejì kì í jẹ́ kí ó já sáàárín àwo àti férémù.

Nígbà tí ó kan dídán an wò, bàbá fi ìka méjì lé férémù, ó sì ní kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà máa yí pẹ́dàlì. Ó fa ọwọ́ jíà sẹ́yìn. Ṣéènì gun àwo kejì, ó sì ń pariwo “kẹrẹkẹrẹ”.

“Ṣé ó ti dákẹ́?” ni bàbá bi í.

Nígbà náà ni ó yé ọ̀dọ́mọkùnrin náà pé etí bàbá ti ń di. Ìka ni ó fi ń gbọ́. Ìka náà ń mọ ariwo ńlá, ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ariwo kékeré àti ìdákẹ́jẹ́ mọ́. Bí alùgángan ṣe ń fún ìlù rẹ̀ lábíyá láìsí àmì kankan tí yóò sọ fún un pé ibí ni ohùn òkè wà, bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ jíà yìí. Kí ni alùgángan yóò ṣe bí etí rẹ̀ bá di?

“Ó kù díẹ̀, bàbá.”

“Mo fà á kọjá ni. Ẹ̀ẹ̀kan ni à ń fà á kọjá díẹ̀, kí á tó dá a padà díẹ̀.” Ó ti ọwọ́ jíà síwájú bí ìbú irun.

“Ó ti dákẹ́!” Ohùn ọmọdébìnrin elẹ́pà ni ó kọ́kọ́ jáde, kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó la ẹnu.

Bàbá yíjú sí ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní kí ó gbé igbá ẹ̀pà sílẹ̀, kí ó sì wá. Wọ́n dán àwo mẹ́ta tí ó kù wò báyìí: akẹ́kọ̀ọ́ ń yí pẹ́dàlì, bàbá di ọwọ́ ọmọ náà mú lórí ọwọ́ jíà, ọmọ náà sì ń sọ ìgbà tí ariwo dákẹ́. Kò ṣì í lẹ́ẹ̀kan.

Kí ọ̀dọ́mọkùnrin náà tó lọ, bàbá kìlọ̀ fún un pé kí òkè tó dé ni kí ó ti máa yí jíà, nígbà tí ẹsẹ̀ ń yí pẹ́dàlì wọ́ọ́rọ́wọ́. Àti pé kí ó máa fún bóòtì náà díẹ̀ nígbà tí ó bá rí i pé ó ń dẹ̀. Ní gbogbo Sátidé tí ìdánrawò rẹ̀ fi parí, ó ń padà wá. Ó ń kọ orúkọ àwọn ohun èlò àti ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ bí bàbá ṣe ń pè wọ́n, nítorí pé ìwé èdè-ìperí tí ó ń lò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kò ní wọn nínú. Ní Sátidé tí ó gbẹ̀yìn, kẹ̀kẹ́ mìíràn ni ó bá lórí okùn. Súkúrúdíráfà wà lọ́wọ́ ọmọdébìnrin náà, bàbá jókòó tì í, igbá ẹ̀pà sì wà lábẹ́ àga.

Ẹ̀yin olùkọ́ ọ̀la, ọ̀pọ̀ ohun tí a ń wá ọmọ iṣẹ́ fún lọ sí ọ̀nà jíjìn, ọmọ tí yóò kọ́ ọ lè ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ wa tipẹ́, kí á kàn má tíì bi í pé kí ni ó gbọ́.