Ẹni Tó Bá Mọ Ọmọ Ogun, Kó Mọ Ilé Pẹ̀lú

Ọ̀rọ̀ eré ni a fẹ́ sọ lónìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹpẹrẹ. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ kéwú wa ní Ìkàrẹ́ níbí máa ń fi agolo àti amọ̀ ṣe ọkọ̀ ogun àti sójà kéékèèké. Wọ́n á tò wọ́n sórí tábìlì, wọ́n á pín ara wọn sí ọ̀nà méjì, wọ́n á sì máa ju dáìsì lúdò láti mọ ẹni tí ọta bà. Àwọn òbí kan ní kí a gbà á lọ́wọ́ wọn, kí a dà á nù. Wọ́n ní ère ni, wọ́n sì tún ní ogun ni. Ó yẹ kí a dáhùn méjèèjì.

Ti ère kò le. Nínú hádíìsì tí Abú Dáúdà gbà sílẹ̀, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a) rí àwọn ọmọláńgidi lọ́dọ̀ ìyá wa Áíṣà, ẹṣin kan sì wà láàárín wọn tí a fi àkísà ṣe ìyẹ́ méjì fún. Ànábì bèèrè bí ẹṣin ṣe ń ní ìyẹ́. Ìyá wa fèsì pé ṣé kò tíì gbọ́ pé àwọn ẹṣin Ànábì Sulaimọ́nù ní ìyẹ́ ni. Ànábì rẹ́rìn-ín títí a fi rí eyín ọ̀gàn rẹ̀. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ àfáà fi yọ ohun ìṣeré ọmọdé sọ́tọ̀.

Eré ogun orí tábìlì náà kì í ṣe tuntun. Ní 1824, àwọn ọ̀gá ológun Prussia, ní ilẹ̀ Jámánì, ń fi irú rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ wọn. Ní 1913, òǹkọ̀wé Gẹ̀ẹ́sì nì, H. G. Wells, kọ ìwé lé e lórí, ó sì sọ pé ogun kékeré yìí dára púpọ̀ ju ogun gidi lọ. Ọdún kejì rẹ̀ ni Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá wa pàápàá, Thomas Ọ̀nà Odulate, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, fi igi rírọ̀ gbẹ́ àwọn òyìnbó amúnisìn, sójà àti ọlọ́pàá kéékèèké, ó sì fi íǹkì dúdú àti pupa kùn wọ́n.

Ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 ni àwọn ọmọ wa máa ń ṣe. Ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ràn jù ni Saladin, ọkọ̀ onírin onítáyà mẹ́fà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, tí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ lò nígbà náà. Inú wọn dùn nígbà tí a sọ fún wọn pé orúkọ Sultan Sàláhù-Díìnì, ẹni tó gba Jẹrúsálẹ́mù padà ní 1187, ni wọ́n fi sọ ọkọ̀ náà.

Ìṣirò ni a kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀. Saladin gùn ní mítà 4.93. Bí agolo sàdíìnì bá gùn ní sẹ̀ǹtímítà 10, a jẹ́ pé ọkọ̀ gidi fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn tó o lọ́nà 50. Nítorí náà, sójà kò gbọdọ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 3 ààbọ̀ lọ, ilẹ̀kùn ilé kò sì gbọdọ̀ ju 4 lọ. Ọmọ tí ìṣirò ń sú ní kíláàsì kì í sú níbí.

Lẹ́yìn èyí, a ó fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ agolo náà títí òróró rẹ̀ yóò fi tán, nítorí ọ̀dà kì í mú lórí òróró. A ó tẹ etí rẹ̀ wọ inú kó má baà ya ọmọ lọ́wọ́, a ó sì fi sáńpépà fá a. Bàtà rọ́bà tó ti gbó ni a ń gé róbótó fún táyà, wáyà kẹ̀kẹ́ ni a fi ń gún wọn ní méjì-méjì, ọ̀pá báírò sì ni ìbọn. Ẹni tó bá ń fi amọ̀ mọ sójà, kó fi igi ìgbálẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, kó sì gbé e sábẹ́ òjìji, torí pé oòrùn yóò mú kó sán. Ọ̀dà fẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sàn ju ọ̀dà kíki lẹ́ẹ̀kan. Èyí tó ki yóò bo ojú àti bọ́tìnì rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá kánjú yóò tún un ṣe.

Sùúrù ni gbogbo èyí ń kọ́ni, a kò sì rí ibi nínú rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà ni ohun tí wọn kì í mọ. Nígbà tí a kọ́kọ́ wo tábìlì wọn, ọkọ̀ àti sójà kún un, kò sí ilé, kò sí ọjà, kò sí ìyá arúgbó kan. Irú ogun bẹ́ẹ̀ kò sí láyé. Ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ogun Tápà da ilẹ̀ Àkókó láàmú, àwọn baba ńlá wa sì sá gun àpáta pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn. Ní oṣù kẹjọ 1967, àwọn ọmọ ogun Biafra wọ Benin, wọ́n sì dé Orè, tó wà ní ìpínlẹ̀ wa yìí. Sójà nìkan kọ́ ni ogun ń bá nílé.

Nítorí náà, a ṣe òfin kan: fún ọkọ̀ ogun kọ̀ọ̀kan, ilé kan, fún sójà kọ̀ọ̀kan, ẹni kan tí kò gbé ìbọn, yálà ìyá tó ru ẹrù ni, tàbí ọmọ tó ń fa ewúrẹ́. Bí ọta bá bọ́ sórí ilé, kí wọ́n ka iye ẹni tó wà nínú rẹ̀ sókè kí eré tó tẹ̀ síwájú. Wọ́n kọ́kọ́ kùn. Ọ̀kan nínú wọn mọ ilé ìyá rẹ̀ àgbà pẹ̀lú àmù omi níwájú rẹ̀. Láti ìgbà náà, ọmọ tó máa ń yára yìnbọn jù ló ń darí ọkọ̀ rẹ̀ gba ẹ̀yìn ọjà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn, tó sì lè mú kó pàdánù.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má da agolo àwọn ọmọ nù. Ẹ jókòó tì wọ́n, kí ẹ bi wọ́n pé ta ló ń gbé inú ilé yẹn, kí ẹ sì sọ ohun tí àwọn bàbá yín sọ fún yín nípa ogun. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn ọmọ wa rí ogun ju ti orí tábìlì lọ. Àmín.