Mo Ṣe Bí Mo Ti Jáde

Lóru ọjọ́ kan, mo tẹ líǹkì kan nínú áàpù ìtàkúrọ̀sọ wa. Ojú-ewé ìṣègùn ṣí. Mo béèrè níbẹ̀ ohun tí n kò lè bi ìyá mi. Mo ṣe bí mo ti jáde ni. Àṣé inú áàpù náà ni mo ṣì wà!

Ní 2022, Felix Krause fi hàn pé TikTok lórí iPhone a máa ki kóòdù bọ inú ojú-ewé tí a bá ṣí nínú rẹ̀, èyí tí ó lè mọ gbogbo lẹ́tà tí a bá tẹ̀. TikTok ní àwọn kì í kó o jọ. Akẹ́kọ̀ọ́ èdè ni mí. Mo mọ̀ pé “ó lè ṣe é” yàtọ̀ sí “ó ń ṣe é”. Èwo ni ti áàpù tiwa? N kò rí ẹni bi.