Ẹja Wo Ni Bàbá Mi Pa? Ìwé Àkọsílẹ̀ Ìpẹja àti Iṣẹ́ Olùkọ́ Èdè Abínibí

Ìfáárà

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó wà nínú àpò ṣòkòtò. Ní tèmi, Fourways ni mo lọ, ní ìhà àríwá ìlú Johannesburg ní orílẹ̀-èdè Gúúsù Áfíríkà, níbi tí àbúrò mi ọkùnrin àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni ó mú kí n padà wá sí ilé wá ṣí àpótí bàbá mi, èyí tí mo ti tì pa láti ìgbà tí a ti sin wọ́n. Àpilẹ̀kọ yìí kì í ṣe àbọ̀ ìwádìí. Ìrírí ara mi ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin olùkọ́ èdè ẹlẹgbẹ́ mi, nítorí pé ó kọ́ mi ní ohun kan nípa iṣẹ́ wa tí oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè kò kọ́ mi.

Aládùúgbò kan ní Fourways

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi. Fourways kì í ṣe ibi tí ènìyàn máa ń retí láti bá apẹja pàdé. Ilé ìtajà ńláńlá, súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀, àti ọgbà ilé tí wọ́n mọ odi yí ká ni ó pọ̀ níbẹ̀. Òkun sì jìnnà sí i, nítorí pé láti Johannesburg dé Durban fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600 kìlómítà. Lóòótọ́, odò kan tí ń jẹ́ Jukskei ṣàn kọjá nítòsí. Àárín ìgboro Johannesburg ni odò náà ti ṣẹ̀; ó gba ẹ̀gbẹ́ Alexandra kọjá, ó sì ń gbé ìdọ̀tí ìlú lọ bá odò Crocodile, tí òun náà ń ṣàn wọ adágún Hartbeespoort. Aládùúgbò àbúrò mi sọ fún mi pé nítorí ìdọ̀tí yìí, òun kì í ju ìwọ̀ sínú rẹ̀.

Aládùúgbò yìí jẹ́ Afrikaner kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹnjiníà. Bí ilẹ̀ Sátidé bá ti mọ́, yóò di ọ̀pá ìwọ̀ rẹ̀ sórí ọkọ̀, yóò sì gba ọ̀nà gúúsù lọ sí odò Vaal ní agbègbè Parys. Ẹja pípa fún ìgbafẹ́ ni ti ọkùnrin yìí. Ẹja tí ó bá pa, yóò wọ̀n ọ́n, yóò sì rọra dá a padà sínú omi. Ó ní kí èmi àti àbúrò mi bá òun lọ lọ́jọ́ kan, a sì lọ.

Ẹja tí ó kọ́kọ́ pa pọ́n bí góòlù; geelvis ni ó pè é. Èkejì gùn, ó ní irùngbọ̀n, ara rẹ̀ sì ń yọ̀. Kí n tó mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti kígbe pé, ‘Àrọ̀!’ Ó ní baber ni àwọn ń pè é. Ẹja kan náà ni lóòótọ́. Clarias gariepinus ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún un, òun náà sì ni àwọn tí ń sin ẹja nílẹ̀ wa ń sìn jù lọ. Ní 1822 ni William Burchell kọ orúkọ náà sínú ìwé. Gariep, tí ó wà nínú orúkọ yìí, ni àwọn Khoekhoe, onílẹ̀ àtijọ́, ń pe odò ńlá tí Vaal ń ṣàn wọ̀, èyí tí àwọn Òyìnbó sọ ní Orange. Mo rò ó títí: ẹja tí ń bẹ nínú adágún ẹ̀yìnkùlé wa gbé ọ̀rọ̀ èdè abínibí kan kiri ayé, nítorí pé ẹnì kan kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, ọkùnrin náà yọ ìwé pélébé kan jáde. Ó kọ ọjọ́, ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ wá, àwọ̀ omi, irú ìjẹ tí ó fi sẹ́nu ìwọ̀, orúkọ ẹja kọ̀ọ̀kan àti gígùn rẹ̀. Nígbà tí a délé, ó kó àwọn ìwé àtijọ́ hàn mí. Ó ti ń kọ wọ́n láti ìgbà èwe rẹ̀. Lọ́dọọdún ni òun àti ẹbí rẹ̀ máa ń lọ sí etíkun KwaZulu-Natal, níbi tí odò ti ń pàdé òkun, tí omi dídùn àti omi iyọ̀ ti ń dàpọ̀. Ó ṣí ojú ewé ọdún 2002, nígbà tí ọ̀dá mú kí ẹnu odò St Lucia dí, àti ti oṣù Kẹta 2007, nígbà tí òkun fi ipá là á. Ó tún fi nọ́ńbà àwọn ẹja tí ó ti so àmì mọ́ lára hàn mí. Láti 1984 ni Oceanographic Research Institute tí ó wà ní Durban ti ń lo àkọsílẹ̀ àwọn apẹja ìgbafẹ́ báyìí láti mọ ibi tí ẹja ń lọ àti bí ó ṣe ń dàgbà. Òfin wọn pẹ̀lú rọ̀ mọ́ orúkọ. Bí ẹja tí wọ́n ń pè ní spotted grunter kò bá tó 40 sẹ̀ǹtímítà, ẹni tí ó pa á kò gbọdọ̀ mú un lọ sílé. Ìwọ̀n tirẹ̀ ni òfin fún ẹja mìíràn. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ ẹja kò lè mọ òfin tí ó dè é.

Èdè Afrikaans ni ó fi kọ gbogbo rẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ dán mọ́rán. Ó dá mi lóhùn pé bàbá òun ni ó kọ́ òun ní ẹja pípa, èdè tí ó fi kọ́ òun sì ni òun fi ń kọ ọ́. N kò gbàgbé pé èdè yìí kan náà ni ìjọba ìgbà náà fẹ́ fi ipá tì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Soweto lọ́rùn, tí wọ́n fi fọ́n sí ìgboro ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹfà 1976, tí ẹ̀mí sì ṣòfò. Síbẹ̀, ìdáhùn ọkùnrin náà kò jẹ́ kí n sùn lóru ọjọ́ náà. Bàbá tèmi náà ni ó kọ́ mi ní ẹja pípa. Bàbá tèmi náà sì ní ìwé.

Àpótí bàbá mi

Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́. Láti ọjọ́ Ajé dé ọjọ́ Ẹtì, ṣọ́ọ̀kì ni ó wà lọ́wọ́ wọn. Tí ó bá di Sátidé, ìwọ̀ ni. Èmi ni wọ́n máa ń gbé sínú ọkọ̀ láti máa gbọ́n omi dànù. Wọ́n kọ́ mi pé kí n má fi ọwọ́ lásán gbá òbòkún mú nítorí ẹ̀gún tí ó wà ní ìyẹ́ rẹ̀, pé àrọ̀ lè pẹ́ lókè odò kí ó tó kú, àti pé ẹni tí ó bá fi ọwọ́ kan òjìjí yóò jìgìjìgì. N kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo lẹ́nu wọn lójú omi rí.

Nígbà tí mo dé láti Fourways, mo ṣí àpótí. Ìwé àkọsílẹ̀ méjì ni mo bá níbẹ̀, láti 1978 dé 1989. Gbogbo Sátidé ni wọ́n kọ sí i, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé olùkọ́ tí ó tọ́ bí ọ̀pá. Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀ pátá. ‘Catfish 3. Tilapia 5. Water dirty.’

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Tilapia kò dà mí láàmú, ẹpìyà ni. Ṣùgbọ́n catfish wo? Òbòkún ni àbí àrọ̀? Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo yìí ni wọ́n fi ń pe àwọn méjèèjì, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn lójú apẹja. Òbòkún ń dán bí fàdákà, ojú ọ̀sà àti odò tí ó ń ṣàn ni a ti ń rí i. Àrọ̀ dúdú, ó ní ohun tí ó fi ń mí afẹ́fẹ́ sínú, ó sì lè gbé inú ẹrọ̀fọ̀ tí ẹja mìíràn kò lè gbé. Bí mo bá mọ èyí tí bàbá mi pa ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, mo lè mọ bí omi Ẹ̀pẹ́ ṣe rí ní ogójì ọdún sẹ́yìn. Ìwé ọdún méjìlá wà lọ́wọ́ mi, n kò sì lè mọ̀ ọ́n.

Ní 1986, ‘weeds’ bẹ̀rẹ̀ sí í hàn nínú ìwé náà, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀. Mo mọ ohun tí ó jẹ́: koríko orí omi tí ó gba ìhà Porto Novo wọ Badagry ní 1984, tí ó sì tàn kálẹ̀ lójú ọ̀sà títí tí ọkọ̀ kò fi rí ọ̀nà gbà. Orúkọ wo ni àwọn apẹja Ẹ̀pẹ́ sọ ọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí i? Bàbá mi gbọ́ orúkọ náà, kò sí àní-àní. Wọn kò kọ ọ́.

Bàbá mi kò kórìíra èdè Yorùbá. Ilé-ẹ̀kọ́ ni ó ti kọ́ wọn pé ẹnu ni Yorùbá wà fún, pé Gẹ̀ẹ́sì ni ó ni bébà. Àwọn náà sì fi kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọgbọ̀n ọdún. Ohun tí ó dùn mí jù ni pé olùkọ́ ni wọ́n, olùkọ́ ni èmi náà.

Ìwé tèmi àti gègé pupa

Ní oṣù Kìíní 2019 ni mo bẹ̀rẹ̀ ìwé tèmi. Mo gba ọkọ̀ àti ìwọ̀ lọ́wọ́ baba arúgbó kan tí ó mọ bàbá mi, mo sì rò pé èmi tí mo ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ ńlá lórí gbólóhùn Yorùbá kò ní ṣe aláìrí ọ̀rọ̀ kọ. Ohun tí mo kọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyí: ‘Mo pa ẹja méjì. Omi dára.’ Kò sàn ju ti bàbá mi lọ. Bí okùn ìwọ̀ bá mì, n kò mọ bí mo ṣe lè sọ bí ó ṣe mì. Baba náà ni ó là mí lójú. Ó ní, ‘Ìyá olùkọ́, ẹ má tíì fà á o, ó ṣì ń tọ́ ìjẹ wò ni.’ Lẹ́yìn náà ó ní, ‘Ó ti ń já a jẹ.’ Ìgbà tí ó sọ pé, ‘Ó ti gbé e mì,’ ni mo tó fà á. Ìpele mẹ́ta nìyẹn nínú ohun tí èmi ń pè ní ‘okùn mì’.

Mo gbé iṣẹ́ náà lọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi tí ń kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, kí olúkúlùkù lọ sí ọjà ẹja létí omi tàbí sọ́dọ̀ apẹja, kí ó sì máa kọ ìwé àkọsílẹ̀ ní Yorùbá. N kò ní purọ́, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dára. Àwọn kan da ti ara wọn kọ. Àwọn kan kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì kí wọ́n tó túmọ̀ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n nígbà tí mo ka ‘Mo ní àkókò dáradára kan,’ dípò ‘Ọjọ́ náà dùn mọ́ mi.’

Ṣùgbọ́n èmi ni mo ṣe àṣìṣe tí ó tóbi jù. Ọmọbìnrin kan kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́ja gẹ́gẹ́ bí ó ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú ẹ̀ka-èdè Ìjẹ̀bú àti orúkọ ẹja tí n kò gbọ́ rí. Mo fi gègé pupa fa igi sí i lábẹ́, mo sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé, ‘Kì í ṣe Yorùbá àjùmọ̀lò.’ Ó wá bá mi ní ọ́fíìsì. Ó kúnlẹ̀, ó ní, ‘Ẹ jọ̀wọ́ mà, kí ni ó yẹ kí n kọ dípò rẹ̀?’ N kò ní ìdáhùn. Yorùbá àjùmọ̀lò kò ní orúkọ fún ẹja náà. Bí mo bá fagi lé èyí tí ó kọ, ohun tí yóò kù fún un ni catfish. Mo wá rí i pé ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ ṣe fún bàbá mi ni mo ń ṣe fún ọmọ yìí, àfi pé lórúkọ Yorùbá ni èmi ń ṣe é.

Láti ọjọ́ náà ni a ti yí òfin iṣẹ́ náà padà. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ ọ̀rọ̀ bí ó ṣe gbọ́ ọ, pẹ̀lú àmì ohùn. Yóò kọ ibi tí ó ti gbọ́ ọ, yóò sì ṣàpèjúwe ohun náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò rí i rí yóò fi dá a mọ̀. Ẹ̀yìn èyí ni yóò wá ọ̀rọ̀ àjùmọ̀lò, bí ó bá wà. Gègé pupa kò kan òpó àkọ́kọ́ mọ́.

Ìkádìí

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe rí. Ní oṣù Kọkànlá 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 2025, wọ́n wọ́gi lé e. Ìjọba lè fọwọ́ sí i, wọ́n sì lè fagi lé e. Ìwé ogójì ewé kan lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kò nílò àṣẹ. Bí kò bá sí odò ní àdúgbò yín, oko wà, ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ wà, ilé aláró wà. Hausa ni ẹ ń kọ́ ni tàbí Ígbò, ẹ ní àwọn ẹlẹ́ja tiyín. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìwé tiyín kí ẹ tó fún ọmọ níṣẹ́, kí ẹ lè mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yóò ti wọ́n yín.

Ní ti ìwé bàbá mi kejì, ewé bíi mélòó kan wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọn kò kọ nǹkan sí. Ibẹ̀ ni mo ń kọ tèmi sí nísinsìnyí. Sátidé tí ó kọjá, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé: òbòkún méjì, àrọ̀ kan.